Ohun Tí Ìka Daddy Gbọ́

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ilé ní Magodo, búléńdà ni mo fi ń bo ikọ́ mi mọ́lẹ̀. Bí ikọ́ bá ti gun mí lọ́fun, màá sáré wọ kíṣìnì, màá tan búléńdà, màá wúkọ́ títí yóò fi rọlẹ̀. Bí iná ò bá sí, ẹ̀yìn táǹkì omi ni mò ń sá lọ. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi, nítorí làpálàpá ọwọ́ lásán ni Aunty, ọ̀gá mi, ṣe dá a padà sílé. Owó oṣù mi sì ni àbúrò mi obìnrin fi ń lọ síléèwé ní Kétu. Èmi fúnra mi ò kọjá praimárì karùn-ún.

Bàbá Aunty ni mò ń tọ́jú. Daddy ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Dókítà ni wọ́n kí ojú wọn tó fọ́. Lọ́sàn-án, tí Aunty bá ti lọ síbi iṣẹ́, Daddy á máa sọ̀rọ̀ yunifásítì tí wọ́n lọ láyé òyìnbó. Wọ́n ní gáùn dúdú làwọn ń wọ̀ jẹun alẹ́, pé ọmọ-ọ̀dọ̀ ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn.

"Níléèwé, sà?"

"Níléèwé. Ó tún ń bá wa nu bàtà."

Mi ò lè jókòó gbọ́ ọ tán. Màá dìde ṣí fèrèsé, màá ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀, màá tún jókòó. Ikọ́ ló ń lé mi kiri.

"Ṣé èèrà wà lórí àga yẹn ni?" Daddy á bi mí.

Ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan tí kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wo fọ́tò X-ray àyà aláìsàn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ìka kan ẹ̀yìn onítọ̀hún. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà á dún bíi kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo. Ibi tí omi bá wà, ohùn á kú. Ẹni tó bá ṣì í, ọ̀jọ̀gbọ́n á ní kó bọ́ kóòtù funfun rẹ̀ níwájú àwọn aláìsàn, kó máa lọ. Ẹ̀rù yìí ló mú kí Daddy àti ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá máa kan ògiri, kan tábìlì, kan ẹ̀yìn ara wọn, títí àwọn ará yàrá kejì á fi pariwo pé, "Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ sinmi!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí àwọn, káwọn fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí.

"Mo gbé ìkòkò ka iná, sà."

"Irọ́. Gáàsì ti tán láàárọ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n ń kàn án látòkè wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sín ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn jẹ. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ̀rín tán. Wọ́n bọ́ sí òsì, wọ́n tún padà sí ọ̀tún.

"Ìgbà wo lo ti ń wúkọ́?"

"Mi ò wúkọ́, sà."

"Ìgbà wo?"

Mo bú sẹ́kún. Mo ní láti ìgbà òjò ni, pé ìbà sì máa ń mú mi lálẹ́, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún Aunty. Wọ́n ń fọwọ́ wá fóònù wọn kiri. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ló wà. Mò ń wò ó, mi ò mú un fún wọn, títí ọwọ́ wọn fi bà á, wọ́n sì pe Aunty.

Aunty ti fi gèlè bo imú kí wọ́n tó wọlé. "Daddy, ọmọ tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ gbé oúnjẹ fún yín!"

"Mú un lọ ya fọ́tò àyà lọ́la."

Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, lápá ọ̀tún. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà gbáko ni mo máa fi lò ó. Aunty kó ẹrù mi sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí dírẹ́bà gbé mi lọ bá màmá mi ní Kétu.

Inú bí mi sí Daddy. Àràárọ̀ ni wọ́n ń pe fóònù màmá mi. Ìbà ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? O ti lo oògùn? "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" nìkan ni mò ń sọ. Lóṣù kẹta, ó já bọ́ lẹ́nu mi pé àbúrò mi ti kúrò níléèwé, pé ó ń bá màmá mi to tòmátò ní Mile 12.

Mo gbọ́ tí ìka Daddy ń kan tábìlì.

"Èmi ni mo fà á," ni wọ́n sọ.

Mo ní, "Ìbà ò sí mọ́, sà."