Apá Ìyá Mi Lórí Iná Ìkòkò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè dá garawa omi gbé karí, ẹ̀yìnkùlé wa ní àdúgbò Krofrom ní Kumasi ni ìyá mi ti ń mọ ìkòkò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sun ún. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ ìyá wọn nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé wá sí Kumasi nílẹ̀ Gánà nígbà tí wọ́n tẹ̀ lé bàbá mi wá ṣòwò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ike bomi mu, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìkòkò yẹn ló bọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń mọ bí iná ṣe gbóná tó. Wọ́n á to ìkòkò sínú ààrò amọ̀ tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, a ó sì fi pòpórò àgbàdo dá iná kékeré sábẹ́ rẹ̀. Amọ̀ lè gbẹ lójú kí omi ṣì wà nínú rẹ̀, bí iná bá sì yára lágbára jù, ìkòkò á bẹ́. Nítorí náà, ìyá mi á na apá òsì wọn sórí ààrò. Bí wọn ò bá mọ ooru kankan, wọ́n á ní ká fi pòpórò kún un. Bí ó bá ti ń ta wọ́n lára, wọ́n á ní ká dúró. Ẹnikẹ́ni kì í bá ẹni tó na apá sórí ààrò jiyàn, èèwọ̀ ni nílé wa.

Lọ́dún kan, ibà mú àbúrò mi ọkùnrin, kò sì là á já. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín, gẹ́gẹ́ bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe. Ìyá mi ò sunkún. Èmi náà ò sunkún. Gbogbo ara mi kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Lẹ́yìn fídáù, ìyá mi ní ká sun ìkòkò, torí òjò ti ń ṣú, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì wà nílẹ̀ yẹn.

Wọ́n na apá. Wọ́n ní, "Kò tíì gbóná. Ẹ fi kún un." Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi kún un. Wọ́n tún ní kò tíì gbóná. Iná ti ń yọrí láàárín àwọn ìkòkò, ojú tiwa ti ń ta wá, síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ìkòkò àkọ́kọ́ bẹ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Apá ìyá mi ṣì wà lórí iná.

Obìnrin Àṣáńtì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló sáré wọlé. "Maame, yi wo nsa fi hɔ!" Ó fa apá náà kúrò nínú iná, ó ń sọ pé, "Due, due," bí àwọn Àṣáńtì ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Awọ apá ti bó. Ìyá mi wò ó bí ẹni pé apá ẹlòmíràn ni.

Kò sí ìkòkò kan tó yè. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìyá mi lè wà bẹ́ẹ̀ títí ayé. Òjò rọ̀, òjò dá. Wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń kírun, wọ́n ń dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n wọn ò sí nílé. Nígbà ọyẹ́, wọ́n tún to ààrò. Wọ́n na apá tó ti jinná, wọ́n sì fà á padà lẹ́ẹ̀kan náà: "Yéè! Ó jó mi o!" Ni wọ́n bá jókòó sílẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ń pe orúkọ àbúrò mi. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Santasi, nínú Kumasi yìí náà. Ààrò tirẹ̀ ní ilẹ̀kùn irin, iná mànàmáná ló ń lò, nọ́ńbà sì ń yọ lójú ẹ̀rọ tó ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi awọ ara rẹ̀ wọn iná mọ́.

Àmọ́ ọmọ náà sin àkọ́bí rẹ̀ ní àìpẹ́ yìí. Ó padà síbi iṣẹ́, ìkòkò rẹ̀ kò fọ́, gbogbo èèyàn ní ó ṣe ọkàn akin. Mo lọ kí i. Bí mo ṣe súnmọ́ ààrò, ó ní, "Nana, ẹ rọra o, ɛyɛ hye paa, ó gbóná gan-an!"

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ó ń ta ọ́ lára?"

Ojú ẹ̀rọ ló ń wò, kò wò mí. Ó ní, "Nana, mi ò mọ nǹkan kan lára."