Bí Akọ̀wé Líìgì Ṣe Bá Wa Dé Ṣakí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì wa gbéra ní Ìgbó-Ọrà. Ó kù díẹ̀ kí a wọ àwọn ọdún 1990, eékún mi ṣì lágbára nígbà náà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlú wa ni mo kó lọ sí Ṣakí. Èmi ni alága ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti pẹ́ dé ibi ìdíje. Bí a bá tún pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, wọn yóò yọ wá kúrò nínú líìgì.

Bí wọ́n ṣe pín líìgì sí ìsọ̀rí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìdèrè tí ó fara tì wá, wọ́n kó o mọ́ Ìbàdàn. Wọ́n kó àwa mọ́ Òkè Ògùn tó jìnnà, níbi tí Ṣakí wà. Ẹni tó sì pín in, ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, akọ̀wé líìgì ní Ìbàdàn. Ó wá kí àwọn àna rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀ ni mo ti ní kó bá wa lọ. Níbo ni ó fẹ́ gbà kọ̀ fún mi? Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ń bọ̀.

Léèsì funfun ló wọ̀ wá. Lásún awakọ̀ wò ó títí. “Akọ̀wé, bọ́ọ̀lù la ń lọ gbá o, a ò lọ tọrọ ìyàwó.”

Ní Ìdèrè, àwọn èèyàn ń gbálẹ̀ iwájú ilé wọn. Àwọn ọmọ wa yọrí lójú fèrèsé: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá fún wa lọ sí Ìbàdàn!” Bàbá kan yọ pákò lẹ́nu. “Ẹ máa lọ Ṣakí. Ẹni tó bá fẹ́ nà yín ní láti kọ́kọ́ wá yín kàn.”

Akọ̀wé bi mí pé, “Ṣé ìjà wà láàárín yín ni, Bàbá?”

“Ìfẹ́ ni. Ọjọ́ tí Ìgbó-Ọrà bá gbá Ìdèrè, ta ló ń lọ oko? Owó tí èrò bá san lọ́jọ́ yẹn la fi ń ra bàtà fún ọdún kan.”

A kọjá Ayétẹ̀ àti Tápà. Lẹ́yìn Ìgàngán, ọ̀dà títì tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Mo wá sọ fún un nípa bésíbọ́ọ̀lù, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá, tí mo máa ń lọ wò nígbà tí mo wà ní yunifásítì níbẹ̀. Wọ́n kó ìlú kan ní ọwọ́ ìlà-oòrùn mọ́ àwọn ti ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹgbẹ́ wọn bá lọ gbá lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú bíi tilé, oorun á ti gbé àwọn ará ilé lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

“Rúlà ni mo fi pín in lórí máàpù, Bàbá. Iye ẹgbẹ́ ṣáà dọ́gba.”

Ní Òkèhò, a jẹ ẹ̀kọ àti wàrà díndín. Náírà kan ni wàrà mẹ́rin, ata rẹ̀ sì ju ti ilé wa lọ. A kò tíì rìn jìnnà kúrò níbẹ̀ nígbà tí ẹrẹ̀ gbé táyà mì. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ká apá léèsì, ó ti ọkọ̀ pẹ̀lú wa, ẹrẹ̀ sì ta bò ó dé irùngbọ̀n.

“Ọkọ ọmọ wa,” ni Lásún wí, “ẹ ti san ìyókù owó orí ìyàwó yín.”

A dé Ṣakí nígbà tí rẹfirí ti ki fèrè bọ ẹnu. Àwọn ọmọ wa wọ aṣọ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri. Ìdajì àkọ́kọ́, Ṣakí ń gbá wa kiri. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré tán, Táyé gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́, Kẹ́hìndé fi orí kàn án wọlé. Akọ̀wé tó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ fò dìde, ó gbá mi mọ́ra tòun ti ẹrẹ̀.

A kọrin padà wálé. Kí a tó dé Ìgàngán, ó sún mọ́ mi: “Bàbá, ìlú méjèèje Ìbàràpá, àti ẹ̀yin àti Ìdèrè, yóò wà nínú ìsọ̀rí kan lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi ni mo pín in, èmi náà ni màá tún un pín.” Ó sì tún un pín lóòótọ́.

Ní Ìgbó-Ọrà, àwọn èèyàn ti kún gáréèjì. Mo nawọ́ sókè, mo ní a ti na Ṣakí nílé wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ìyá kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ sọ́kọ̀ bi mí pé, “Ó dára, Bàbá. Ìdèrè ńkọ́? Ìgbà wo la máa nà wọ́n?”

Mo yíjú sí akọ̀wé. Ẹrẹ̀ ti gbẹ lára léèsì rẹ̀. Ó ní, “Lọ́dún tó ń bọ̀, Ìyá.”

Ìgbà yẹn ni gáréèjì tó hó yèè.