Wáyà Búlúù Abẹ́ Ilé Wa

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà kì í ṣagídí, kò tíì bá tèmi gbélé. Ọ̀sán ọjọ́ tí ìbọn tún dún lójú omi ló yàn láti sọ fún mi pé òun ò rí àdírẹ́sì gbà. Kò sí àdírẹ́sì, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe eré. Ọkọ mi ti wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Awoye láti mú àbúrò rẹ̀ kúrò níbi ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Fóònù ibẹ̀ ò lọ mọ́. Ó ní bí òun bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun tó ń ṣiṣẹ́ epo, tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbi iṣẹ́ wọn, òun á fi ímeèlì ránṣẹ́. Mo kàn ń ṣe bí ọkùnrin ni.

Ilé tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, aládùúgbò wa, ni ráútà wà. Ẹ̀rọ yìí ló ń pín àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, bí baálé ilé ṣe ń pín yàrá fún àlejò. Wáyà búlúù kan ló gba abẹ́ afárá pákó wá sọ́dọ̀ wa. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tàn án. Mo yọ wáyà, mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo tún tì í bọ ihò rẹ̀ padà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣépè fún un. Pàbó ni.

Ìyá ọkọ mi ń yan ẹja nítòsí. "Àdírẹ́sì wo ló ń wá, ọma mi? Ta ni ò mọ ilé wa ní Ugbonla?"

Mo rẹ́rìn-ín tipátipá. Mo wá dojú bolẹ̀ lórí pákó, mo yọjú wo abẹ́ ilé. Ọkọ̀ Ìyá ni mo rí, wáyà mi ni wọ́n so ó mọ́! Níbi tí okùn ọkọ̀ gbogbo ti jẹ́ búlúù, ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Omi ti fà, ọkọ̀ ti bá a lọ sílẹ̀, ó sì ti fa wáyà yọ lẹ́nu ráútà.

"Ìyá! Ẹ ò ríbòmíì so ọkọ̀ mọ́ ni? Ṣebí ẹ̀yìnkùlé lẹ máa ń so ó sí!"

Wọn ò gbójú kúrò lára ẹja. "Ìgbà tí ìbọn dún ni mo gbé e wá síbẹ̀. Gbogbo àwa yòókù la lè lúwẹ̀ẹ́. Ìwọ ará òkè, ọmọ orí ilẹ̀, nìkan ni ò lè ṣe é. Ẹnu ọ̀nà ẹ ló yẹ kí ọkọ̀ wà."

Ojú tì mí, orí mi sì wú. Mo wá okùn gidi, a tún ọkọ̀ so síbẹ̀ náà. Aládùúgbò ti wáyà bọ ráútà padà, kọ̀ǹpútà rí àdírẹ́sì. Ímeèlì ọkọ mi ti ń dúró: "A ti jáde ní Awoye, kò sẹ́ni tó fara pa. Jọ̀ọ́, sọ fún Ìyá kí wọ́n so ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹ."

Mo kà á sókè fún wọn.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fẹ́ kọ́ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì yí ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kejì.