Píìnì Inú Fìlà Basit

Nǹkan kékeré kì í sọnù lọ́wọ́ Basit, mẹkáníìkì Bẹẹrẹ, nítorí inú fìlà rẹ̀ ló máa ń gún wọn mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn ni ṣọ́ọ̀bù náà dójú tì í.

Bẹ́ríìnì ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ Màmá Ìtùnú ló ń tún ṣe, tíṣà tó kọ́ ọ ní ábídí kó tó fẹ̀yìntì. Ó ń yí táyà bó ti ń fún nọ́ọ̀tù, ó sì dẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀ kí táyà lè yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá ku píìnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tù tú. Ìgbà náà ni wọ́n pe ìrun Alásárì. Màmá ń wo aago, Basit ń wo mọ́ṣáláṣí. Ó dé ìdérí mọ́ ọn, ó sọ jáàkì kalẹ̀, ó ní, "Màmá, ó ti parí. Ẹ máa lọ."

Bó ṣe forí kanlẹ̀ nínú ìrun ni nǹkan gún un níwájú orí. Píìnì ọkọ̀ Màmá ló wà nínú fìlà rẹ̀ yẹn. Kò mọ ohun tó kà nínú ìrun tó kù. Ọlọ́run á bá a gbà á. Ó sálámà tán, ó pe Màmá, fóònù ń dún, kò gbé e. Obìnrin yìí kì í gbé fóònù tó bá ń wa ọkọ̀, Basit gan-an ló sì máa ń yìn ín fún un.

Ó fò sẹ́yìn ọlọ́kadà kan. Òkè Màpó ni Màmá máa gbà sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, níbi tí èrò ti kún títì. Lọ́kàn rẹ̀, Basit ti ń rí táyà tó ń yí lọ bá wọn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹná!"

Ó bá Màmá lórí òkè, níbi tó ti dúró ra ọsàn. Basit ò tilẹ̀ kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà, ó yọ ìdérí. Nọ́ọ̀tù ti tú, ó ku díẹ̀ kó já bọ́.

"Basit, kí ló dé?"

Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀, pé òun kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó ṣí fìlà, ó yọ píìnì inú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. N ò fi píìnì sí i. Mo gbàgbé."

Màmá wo píìnì, ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú. Nígbà tí Basit fún nọ́ọ̀tù tán, tó ki píìnì bọ̀ ọ́, tó ká ẹnu rẹ̀, Màmá ṣí ilẹ̀kùn iwájú kejì.

"Wọlé."

"Màmá, mo ti ṣe é dáadáa."

"Mo gbọ́. Wọlé, ká jọ sọ̀ kalẹ̀."

Basit wọlé. Ó di fìlà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń tẹ́tí sí táyà títí wọ́n fi dé Ọjà'ba.