Oorun Màámi Létí Bẹ́ẹ̀dì

Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù, ó máa ń rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo máa ń rántí. Èmi àti màámi fẹsẹ̀ rìn láti Boundary gba Creek Road lọ wo bàámi ní ọsibítù, tí àpótí ẹrù já lù lẹ́sẹ̀ ní wáàfù. Eruku tírélà kún wa lójú, fúláàsì ògì sì wà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́nu géètì, màámi dúró, wọ́n nujú, wọ́n kun àtíkè.

"Tí a bá débẹ̀, rẹ́rìn-ín o."

Nínú wọ́ọ̀dù, màámi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Bàámi ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, oorun ń kùn mí," wọ́n sì dijú. Kò pẹ́ tí màámi gbórí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ni wọ́n bá sùn lọ fọnfọn. Bàámi wá lajú, wọ́n fìka lé ètè, wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Mo rò pé eré la jọ ń ṣe. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìrora kì í jẹ́ kí bàámi sùn rárá nígbà yẹn.

Nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú agogo, kí àwọn àlejò lè máa lọ.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́," bàámi rọra sọ, "kò fojú kan oorun látàná."

Nọ́ọ̀sì náà wo màámi, tí itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu wọn. Ó fọwọ́ di agogo náà mú kó má baà dún, ó sì yọ́ kọjá lára wa.