Iyèkan Ọwọ́ Mùnírù

Ọdún mélòó kan ṣáájú ogun Ìjàyè ni mo kọ́kọ́ pàdé Lìádì alápatà ní Ẹ̀rúnmú. Ó to egungun apá ewúrẹ́ sórí ẹní, ó to ti àdán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá na ọwọ́ tirẹ̀ sáàárín wọn.

"Ẹ wò ó," ni ó wí fún mi. "Ẹyọ kan lókè, méjì tó fara mọ́ra nísàlẹ̀ rẹ̀, wẹ́wẹ́ lọ́rùn ọwọ́, kó tó kan ọmọ ìka. Ọ̀kan ń rìn, ọ̀kan ń fò, èmi ń fi tèmi di ọ̀bẹ mú. Iyèkan ni wọ́n, ọmọ ìyá kan náà."

Hàjàrá ìyàwó rẹ̀ dá sí i láti ìdí ààrò. "Tata náà ń fò. Ṣé òun náà ti di iyèkan àdán?"

"Rárá o. Iṣẹ́ ló pa ìyẹ́ wọn pọ̀, ìyá kọ́. Fọ́ ìyẹ́ tata wò, bóyá wàá rí egungun."

"Mo gbé! Àdán ti di àna mi!"

Mùnírù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ogun dé, Mùnírù lọ, kò sì padà. Ní àdúgbò wọn, bí ènìyàn bá kú sójú ogun, irun tàbí èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wálé wá sin. Bí kò bá sí èyí, ọ̀fọ̀ kì í parí. Oṣù mẹ́rin ni Hàjàrá fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò jẹun gidi. Ní oṣù karùn-ún ni Ìyàndá, ọ̀rẹ́ Mùnírù, gbé egungun ọwọ́ kan dé nínú aṣọ.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo rí i nígbà tó ṣubú, ṣùgbọ́n ogun ń lé wa, n kò lè dúró. Nígbà tí mo padà, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣa èyí."

Lìádì tú aṣọ náà. Ìka márààrún pé. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kúrú, ó sì tín-ín-rín. Ó ti kun ìnàkí rí. Ó mọ ohun tí ó ń wò.

"Bàbá Mùnírù," ni Hàjàrá wí, "ẹ̀yin lẹ mọ egungun. Ṣé ọwọ́ ọmọ mi nìyí?"

Lìádì wo ọrùn ìyàwó rẹ̀ tí ó ti gbẹ.

"Iyèkan ọwọ́ rẹ̀ ni."

Hàjàrá bú sẹ́kún. Wọ́n sin ín lẹ́yìnkùlé. Ní ọjọ́ kẹta, ó béèrè ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì mu ún tán.

Ní báyìí, Hàjàrá wà ní Ẹ̀rúnmú. Lìádì ń pa ẹran ní abà kan ní Àkìnyẹ́lé, lẹ́bàá ọ̀nà Ìjàyè. Ó ní ẹran ń tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ti ojú ogun bọ̀ ni ó ń yọjú wò.