Òkun Dé Ìgbẹ́tì

Àyúbà ayàwòrán ní Ìsẹ́yìn kò fojú kan òkun rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò ní òun ò mọ̀ ọ́n yà. Nígbà tí Àlàájà Mọ́rìnọ́lá ní kó fi ọ̀dà elépo ya òkun àti àpáta gíga sí pálọ̀ òun, koríko tí atẹ́gùn ń tì síwá sẹ́yìn ló wò fi ya ìgbì. Òkè Ìgbẹ́tì, ìlú ìyá Àyúbà fúnra rẹ̀, ló fi ṣe àpáta.

Bàbá Fàòsíyà, ọkọ Àlàájà, ọmọ Ìgbẹ́tì, wọlé, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà.

"Àyúbà, òkè ẹ̀yìnkùlé wa rèé. Ìgbà wo lòkun débẹ̀?"

"Bàbá Fàòsíyà, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ délé kẹ́yìn."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, gáréèjì ni wọ́n ti rí Bàbá, ó ń wọ mọ́tò Ìgbẹ́tì.